Wo Òkè Kí O Tó Wo Omi: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbé Ọkọ̀ Onígbòkun Kúrò Ní Yáàdì



Ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan ní Ìlọrà ni mo jókòó sí, tí wọ́n ń bá mi lẹ táyà ọ̀kadà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Bọ̀dá, a ti ra ọkọ̀ o!" Inú mi dùn. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé Corolla ni àbí Camry, mo ti fẹ́ máa gbàdúrà fún un. Ìgbà tí mo ṣí àwòrán náà tán, mo rí ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní gíláàsì. Ó gun orí tọ́rọ́lì onítáyà méjì nínú koríko, irin gígùn kan sì dùbúlẹ̀ lé e lórí láti orí dé ìdí. Ọkọ̀ ojú omi ni! Ọkọ̀ onígbòkun.

Ọkọ̀ tí àwa ará Afijió mọ̀ ni èyí tó ń kó ọsàn láti Fìdítì lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi owó oṣù rẹ̀ ra ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni màmá máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń fi ṣiṣẹ́ jẹun l'Ékòó. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló dáwó jọ ra ọkọ̀ náà ní tòkúnbọ̀, wọ́n sì ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. "Sátidé la máa gbé e sómi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ wá bá wa ya fídíò."

Mo lọ. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní yáàdì lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà l'Ékòó ti ń fẹ́ràn eré orí omi yìí, ẹ sì ń rí i lórí Instagram lójoojúmọ́. Bí mo bá ń bi àwọn èèyàn pé kí ni ewu tó wà níbẹ̀, wọ́n á ní ìgbì, wọ́n á ní òjò, wọ́n á ní àìmọ̀wẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó dárúkọ ohun tó fẹ́ẹ̀ pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ọkọ̀ tó jẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú.

Wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú ìgbòkun kì í ṣe nǹkan àjèjì lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá ti gba orí Third Mainland Bridge kọjá láàárọ̀ á ti rí àwọn apẹja lórí ọ̀sà, tí wọ́n fi àpò ìrẹsì tàbí tapólì rán aṣọ ìgbòkun, tí wọ́n sì ta á sórí ọ̀pá kan láàárín ọkọ̀ pákó wọn. Àwọn Ẹ̀gùn tó wà ní Màkókò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n ń fi ṣeré ìdíje, ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club tó wà ní Oníkàn ti wà láti 1932. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ti ń lò níbẹ̀ ni Tarpon, Lightning, Laser àti Hobie.

Ti àwọn ọmọ wa yìí, irú ti Hobie 16 ni. Ọkọ̀ ìbejì ni mo ń pè é, torí ara méjì ló ní, méjèèjì rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi irin so wọ́n pọ̀, wọ́n sì ta aṣọ líle kan sáàárín tí èèyàn máa jókòó lé. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 5. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 145, kò tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e. Ṣùgbọ́n òpó rẹ̀, ìyẹn òpó tí wọ́n ń ta ìgbòkun sí, lé ní mítà 8. Ẹ fi mítà 8 yẹn sọ́kàn.

Ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kì í gbé inú omi. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nínú ọ̀sà, àwọn nǹkan oníkarawun kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, òjò á rọ sí i, àwọn kan á sì wá tú u lọ lóru. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, nínú yáàdì. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni wọ́n á gbé òpó rẹ̀ nà ró, tí wọ́n á so gbogbo okùn rẹ̀, tí wọ́n á sì tì í lórí tọ́rọ́lì dé etí omi.

Yáàdì tí a lọ yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Etí ọ̀sà ló wà. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, koríko rẹ̀ ga dé orúnkún, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì bíi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ tí wọ́n bo tapólì lé lórí, ọkọ̀ ìbejì tiwa nìkan ló ní òpó gígùn. Àwọn ọmọ náà ti múra. Ẹnì kan lórí aṣọ àárín ọkọ̀ tó fẹ́ fi àyà ti òpó sókè, ẹnì kan níwájú tó fẹ́ máa fi wáyà fà á, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì di ìdí òpó mú kó má baà yọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé e gan-an nìyẹn, wọn ò ṣe é lódì. Èmi wà lẹ́yìn, mo ń fi fóònù ya fídíò. Ọ̀kan nínú wọn ń kà á: "Ẹní! Èjì!"

Mo gbé fóònù mi sókè kí n lè rí orí òpó náà nínú fídíò. Ohun tí mo rí nínú fóònù ni wáyà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ara mi fi bù máṣọ. Nǹkan bí 1988, mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Fìdítì. Bàbá kan ládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, kí NTA Ìbàdàn tó lè hàn nílé yín, ẹ ní láti na ántẹ́nà ga ju òrùlé lọ. Wọ́n so páìpù omi méjì pọ̀, wọ́n de ántẹ́nà mọ́ ọn lórí, ọkùnrin mẹ́ta sì dì í mú láti gbé e nà ró. Àwa ọmọdé wà lórí ògiri, à ń wò wọ́n bí ìgbà tí a ń wo sinimá. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́. Páìpù náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò gbọ́ igbe kankan. Ìró kan ṣoṣo ni mo gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fi pátákó na ilẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú, méjì dìde.

Láti ìgbà yẹn, n kì í rí irin gígùn nílẹ̀ kí ojú mi má lọ sókè. Kì í ṣe ọgbọ́n, ẹ̀rù ni. Àwọn tó ń ká ọsàn lọ́dọ̀ wa náà mọ̀ ọ́n: igi ọsàn tó bá wà lábẹ́ wáyà, ẹni tó gbọ́n kì í na gọ̀gọ̀ sí i, pàápàá bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Mo pariwo: "Ẹ dúró! Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀!" Ohùn mi le débi pé mẹ́gáàdì sáré jáde. Wọ́n sọ òpó náà kalẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè. Mo nawọ́ sókè. Gbogbo wa wò ó, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wò ó, èyí ni ìṣirò rẹ̀. Òpó iná àdúgbò, èyí tó ń gbé iná wọ ilé, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 28. Èyí tó ń gbé háì tẹ́ńṣọ̀n jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 34. Ẹ yọ èyí tó wọlẹ̀ kúrò níbẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ẹ tún yọ bí wáyà ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín òpó sí òpó, ẹ̀yin náà ṣáà mọ wáyà tiwa. Òpó ọkọ̀ ìbejì yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 26 àti ààbọ̀. Ẹ gbé e lé orí ọkọ̀, kí ẹ gbé ọkọ̀ lé orí tọ́rọ́lì, orí òpó náà ti fẹ́ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ó ti kọjá wáyà àdúgbò, ó sì ti bá háì tẹ́ńṣọ̀n dọ́gba. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò ní mọ̀, torí bí èèyàn bá ń ti nǹkan tó wúwo, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò.

Àlùmíníọ̀mù ni òpó náà, kò sì sí irin tí iná fẹ́ràn tó o lárọ̀ọ́wọ́tó wa àfi kọ́pà. Àwọn wáyà tó dì í ró lápá òsì, lápá ọ̀tún àti níwájú, irin ni gbogbo wọn. Ìlà tó ń kọjá ládùúgbò wa lè jẹ́ fọ́lítì 11,000 tàbí 33,000. Kò sí rọ́bà lára wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò dúró de ìgbà tí ẹ bá fara kàn án. Bí irin bá ti sún mọ́ ọn jù, ó lè fò gba inú afẹ́fẹ́ wá bá a. Nítorí náà, "a máa rọra gba abẹ́ rẹ̀ kọjá" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan lèyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òpó ọkọ̀ Hobie ti kan wáyà iná, ó ti pa àwọn kan, ó sì ti sọ àwọn mìíràn di aláàbọ̀ ara. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan mìíràn tí iná kì í gbà kọjá ṣe apá òkè òpó rẹ̀, dípò àlùmíníọ̀mù. Ìyẹn dáa. Àmọ́ tòkúnbọ̀ ni tiwa, ó ti pẹ́ láyé, àlùmíníọ̀mù ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, orí òpó ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Kódà bí orí rẹ̀ bá jẹ́ ti tuntun, ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ irin, àwọn wáyà tó dì í ró ṣì jẹ́ irin.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òpó, ẹ fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà láti ibi tí ọkọ̀ wà dé etí omi, kí ẹ máa wo òkè bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹnì kan kọ́ ló máa rìn ín o, gbogbo yín ni. Bí wáyà kan bá wà lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe gbé òpó nà ró nínú yáàdì. Ẹ fi í sílẹ̀ ní dídùbúlẹ̀ lórí ọkọ̀, ẹ ti ọkọ̀ náà kọjá wáyà, kó jìnnà débi pé bí òpó bá ṣubú sápá ibi tó wù kó ṣubú sí, kò ní dé ibẹ̀. Ibi tó dé yẹn ni kí ẹ ti gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ padà sílé, ẹ kọ́kọ́ sọ òpó kalẹ̀ létí omi kí ẹ tó ti ọkọ̀ wọlé. Ìgbà ìpadàbọ̀ yìí gan-an ni ewu tún pọ̀ sí, torí ó ti máa ń rẹ èèyàn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Wáyà máa ń kọjá lórí omi náà nígbà mìíràn, afárá sì wà, torí náà ojú òkè yẹn kò parí ní èbúté.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé òpó kan wáyà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹni tí kò dì í mú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹni tó dì í mú. Ó le láti sọ. Ọ̀rẹ́ ẹni ni, àbúrò ẹni ni, ọkàn á ní kí a sáré fà á. Ibẹ̀ ni iná ti ń pa èèyàn kejì àti ìkẹta. Ẹni tó bá wà lórí ọkọ̀ kó jókòó síbẹ̀, kó má sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí lórí ilẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má sáré, torí ilẹ̀ pàápàá lè gbé iná. Kí wọ́n pe ilé iṣẹ́ iná láti pa ìlà náà, kí wọ́n pe 767 tàbí 112 l'Ékòó. Àti pé bí iná bá lọ fúnra rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣé èmi ló yẹ kó sọ fún yín pé NEPA lè mú iná wá nígbàkigbà?

Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo sọ tó gùn jù, mo mọ̀. Ìyókù á yá.

A ti ọkọ̀ náà jáde síbi gbangba kan létí omi, a tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo wọn wo òkè, kódà mẹ́gáàdì. Òpó dìde dúró láìsí wàhálà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara ọkọ̀ wò, ó sì ń ṣàlàyé fún mi. Ara kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ ìbejì yìí ní ihò kékeré kan ní ìdí, tí wọ́n fi ń da omi tó bá wọ inú rẹ̀ jáde. Ìdérí ló wà fún un. Bí ọkọ̀ bá wà ní yáàdì, wọ́n máa ń ṣí i sílẹ̀ kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Bí wọ́n bá gbàgbé láti dé e padà, ọkọ̀ á léfòó dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ti jìnnà sí èbúté, nígbà náà ni apá kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo bi í pé níbo ni ìdérí méjèèjì wà. Ó wá a lára ọkọ̀, kò rí i. Ó wá a nínú báàgì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fọwọ́ sí àpò ṣòkòtò, ó fà wọ́n yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ fi okùn so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀.

Ó tún yẹ àwọn pín-ìnnì kéékèèké tó di wáyà òpó mú wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi téépù wé wọn. Pín-ìnnì kan tó kéré ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, bó bá jábọ́, gbogbo òpó ló ń bọ̀ lórí yín. Ó yẹ ìtọ́kọ̀ wò, ìyẹn pátákó méjì tó wà lẹ́yìn tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, pé ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò há. Èmi náà, tí n kò mọ nǹkan kan nípa omi, mo tẹ táyà tọ́rọ́lì. Ọ̀kan ti rọ̀. Ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ fọkanáísà tí mo ti ń bọ̀ wúlò.

Láti yáàdì dé omi, kọnkéré tó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ ló wà níbẹ̀. Apá òkè rẹ̀ gbẹ. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń dé tó sì ń padà, nǹkan aláwọ̀ ewé kan ti bò ó tó ń yọ̀ bí ilá. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, tí tọ́rọ́lì á sì gun ẹsẹ̀ wọn. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ilẹ̀, nítorí ìyọ̀ náà àti nítorí ìgò tó fọ́. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dúró níwájú tọ́rọ́lì lápá ìsàlẹ̀ láti fi àyà dá a dúró. Ọ̀dọ̀ òkè ni kí ẹ wà, kí ẹ máa fi okùn tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí òkúta tàbí igi sì wà nítòsí tí ẹ lè fi dá táyà dúró.

Kí wọ́n tó ta ìgbòkun, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tíì ta á láti yáàdì kó lè yá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yìí, ẹ́ńjìnì náà kò sì ní kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn máa fà yọ. Bí ìgbòkun bá ti wà lókè tí afẹ́fẹ́ sì gbá a mú láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ á gbéra, ì báà jẹ́ orí tọ́rọ́lì ló wà, á sì dojú dé lórí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ gan-an, wọ́n á tú okùn ìgbòkun sílẹ̀, aṣọ náà á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò lágbára. Àwọn ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀wà ní ọjà Ìlọrà mọ èyí dáadáa. Kí wọ́n tó da ẹ̀wà láti inú igbá kan sí òmíràn, wọ́n á ti kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èèyàn lọ tún ṣe pàtàkì. Bó bá ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sórí omi, ìjáde á dùn bí oyin, omi etídò á dákẹ́ rọ́rọ́, àmọ́ bí nǹkan kan bá bàjẹ́, iwájú ló ń gbé yín lọ, kì í ṣe ilé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kó dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀. L'Ékòó, láti ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ òkun láti gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn ló sábà máa ń fẹ́, kì í sì í ṣe oníjàgídíjàgan. Ohun tí ẹ máa bẹ̀rù ni ìjì òjò tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀, pàápàá láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Àwọn àgbàlagbà wa mọ àmì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á dáwọ́ dúró lójijì, ooru á mú, ìlà oòrùn á ṣú dùdù, atẹ́gùn tútù kan á wá fẹ́ luni lójú. Bí atẹ́gùn tútù yẹn bá bá yín lórí omi, ẹ ti pẹ́. Ẹ wo ìkéde NiMet láàárọ̀, kí ẹ sì máa fi ojú ara yín wo ojú ọ̀run.

Omi náà ń rìn. Bí wákàtí mẹ́fà ló fi ń kún, bí wákàtí mẹ́fà ló sì fi ń fà. Ní apá Oníkàn àti Àpápá, níbi tí gbogbo omi ọ̀sà ti ń gba ẹnu kan ṣoṣo jáde sí òkun, fífà rẹ̀ lágbára, ó sì tún le sí i ní ìgbà òjò tí odò Ògùn àti àwọn mìíràn bá ti kún. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á kàn máa tẹ̀ lé e lọ. Ọkọ̀ òkun ńláńlá ló wà lọ́nà ibẹ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójijì nítorí yín, ó tilẹ̀ lè má rí yín. Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ lòdì sí ibi tí omi ń lọ, kí omi lè bá yín padà sílé bó bá rẹ̀ yín. Àti ewéko tó ń léfòó yẹn, èyí tí àwọn ará Ìlàjẹ ń pè ní gbéborùn, bó bá bo èbúté, ẹ padà sílé. Ó máa ń wé mọ́ ìtọ́kọ̀ bí ẹní fi okùn so ó.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, mi ò fẹ́ fi í ṣe àwàdà. NIWA àti LASWA ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, síbẹ̀ a ṣì ń rí àwọn tó fi í ṣe tìmùtìmù. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, kí ẹ sì de gbogbo okùn rẹ̀. Èyí tí kò bá dì mọ́ ara á fò kọjá orí bí ẹ bá bọ́ sómi. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré máa ń dojú dé, ara eré náà ni, wọ́n sì máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i padà kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun mìíràn. Bó bá dojú dé tó sì kọ̀ láti dìde, ẹ má fi í sílẹ̀ láti wẹ̀ lọ sí etídò. Etídò máa ń dà bí ẹni wà nítòsí ju bó ṣe wà lọ. Ẹ dì mọ́ ọkọ̀ náà, òun ni àwọn tó ń wá yín máa kọ́kọ́ rí.

Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó mọ iye yín, tó mọ apá ibi tí ẹ kọjú sí, tó mọ aago tí ẹ sọ pé ẹ máa dé, tó ní nọ́ńbà àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tó wà nítòsí. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n bọ́ sínú ọkọ̀, mo ní ọmọ Fìdítì ni mí, kí wọ́n máa lọ. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n gbéra, wọ́n ní aago mẹ́rin àwọn á dé. Ìgbòkun náà gbá afẹ́fẹ́ mú, ọkọ̀ ìbejì náà sì fò lọ, kò pariwo rárá. Ó wù mí láti sọ fún yín pé mo ya fídíò tó dára. Aago ni mo ń wò.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n dé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí wọn nítorí ìṣẹ́jú méjìlá yẹn kò ṣeé kọ síbí.

Kí wọ́n tó ti ọkọ̀ padà, wọ́n sọ òpó kalẹ̀ létí omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn létí. Mẹ́gáàdì sọ fún wa pé ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wáyà náà ti wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ò fiyè sí i torí ọkọ̀ tiwọn kò ga. Ẹni tó ni yáàdì ní òun á kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ó ní òun ṣì ń kọ ọ́. Àwọn ọmọ náà kò dúró dè é. Wọ́n ra ọ̀dà pupa, wọ́n fi fa ìlà gbọọrọ kan sórí kọnkéré níbi tí wáyà gbà kọjá, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ÒPÓ KÌ Í DÌDE KÍ Ó TÓ KỌJÁ ÌLÀ YÌÍ.